Aṣọ Fàdákà àti Ẹsẹ̀ Ìyá Mi

Ẹni tó bá ti ìdálẹ̀ dé, ìtàn ẹ̀rín ni àwọn ará ilé máa ń kọ́kọ́ bi í. Wọ́n á ní kó sọ bí òjò dídì ṣe ń rọ̀, kó sọ ti ọkọ̀ tó ń sáré lábẹ́ ilẹ̀ bí òkété. Èmi náà ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, mo sì máa sọ díẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó gbé mi jókòó sídìí ìwé yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ọ̀rọ̀ aṣọ kan ni, aṣọ tí òwú rẹ̀ fẹ́lẹ́ ju ti aláǹtakùn lọ, àti ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ òsì ìyá mi. Ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wọlé tọ̀ mí wá, díẹ̀díẹ̀ náà ni mo fẹ́ sọ ọ́.

Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí mi sí, nínú ilé kan lẹ́yìn Ìta Fájì, níbi tí òrùlé ti ń fẹnu ko òrùlé. Bàbá mi kú kí n tó gbọ́n. Gàrí àti ẹ̀wà ni ìyá mi ń tà ní Èbúté Èrò, èrè ibẹ̀ ló sì fi tọ́ èmi àti Sìdíkátù, àbúrò mi obìnrin. Mo kọ́ṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ, mo sì mọ ẹ̀rọ òwú dáadáa. Nígbà tí ìjọba gbé ètò tí wọ́n ń pè ní SAP dé, tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn bí ọṣẹ, ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé. Mo bá lọ. Ẹ má bi mí bí mo ṣe lọ. Gbogbo ẹni tó lọ nígbà náà ló mọ̀ ọ́n.

Ìyá mi kò sunkún lọ́jọ́ náà. Ó ń fi kóńgò wọn gàrí fún oníbàárà kan nígbà tí mo wá dágbére.

Ó ní, "Ọkọ mi, má jẹ́ n gbọ́ pé o ń jẹun nílé ẹni tí o ò mọ orúkọ bàbá rẹ̀."

Mo ní, "Màámi, gbogbo ìlú náà ni mi ò mọ orúkọ bàbá wọn."

Oníbàárà rẹ́rìn-ín. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ nu etí kóńgò, ó ní, "Ó dáa. Ebi á pa ọ́ díẹ̀ nígbà náà."

Ìlú tí mo dé tutù, ó sì dákẹ́. Ti òtútù, ènìyàn lè wọ súwẹ́tà sí i. Kí lènìyàn fẹ́ wọ̀ sí ìdákẹ́rọ́rọ́? Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, bí o bá húkọ́, ojúlé kẹta á bá ọ ṣe pẹ̀lẹ́. Nílé tí mo ń gbé lọ́hùn-ún, ilẹ̀kùn àwọn aládùúgbò mi nìkan ni mo mọ ohùn rẹ̀. Bàbá arúgbó kan wà ní yàrá ìsàlẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo bẹ̀rẹ̀ kí i, mo fi ìka kan ilẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Bàbá náà wo ilẹ̀, òun náà bẹ̀rẹ̀, ó ń fojú wá nǹkan kiri. Ó rò pé owó mi ló jábọ́. Ojú tì mí láti ṣàlàyé, ni àwa méjèèjì bá jọ ń wá owó tí kò sọnù.

Ilẹ̀ ilé ìwòsàn ni mo kọ́kọ́ ń nù. Nígbà tó yá, ẹnì kan gbọ́ pé mo mọ ẹ̀rọ òwú, ó mú mi lọ sí yàrá iṣẹ́ kan nílé ẹ̀kọ́ gíga ìlú náà, níbi tí wọ́n ti ń wá irú aṣọ tuntun tí wọ́n lè fi máa di egbò. Obìnrin kan tó ń sún mọ́ ọjọ́ orí ìyá mi ló jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀. Ó ní kí n máa pe òun lórúkọ. Mo gbìyànjú rẹ̀, orúkọ náà há mi lọ́fun. Mo bá ń pè é ní Màmá. Àwọn yòókù fi mí rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn náà fi ń pè é ní Màmá. Ẹ jẹ́ kí n ka ìyẹn kún ìṣẹ́gun. Èmi nìkan ni mo wọ ibẹ̀ láti ilẹ̀ Yorùbá, àmọ́ mo ti fi ọ̀rọ̀ kan sí wọn lẹ́nu.

Aṣọ tí à ń ṣe níbẹ̀, a kì í hun ún. Nǹkan olómi kan tó ń fà bí àtè la máa ń rọ sínú abẹ́rẹ́, a ó wá gbé iná mànàmáná tó lágbára gan-an sí i lẹ́nu. Iná yẹn ni yóò fa omi náà jáde, á sì gbẹ di òwú lójú afẹ́fẹ́ kó tó balẹ̀ sára irin tó ń yí. Ojú lásán ò lè rí ẹyọ òwú náà kan. Ìgbà tó bá pọ̀ tó di aṣọ, tó fẹ́lẹ́ tó sì funfun bí awọ inú ẹyin, lèèyàn á tó mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ṣọ́ ọ. Bí ọ̀rinrin bá wà nínú afẹ́fẹ́, òwú á ṣe kókó. Bí iná bá ṣe ségesège, yóò já.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á gbé aṣọ náà sínú àpótí irin tí wọ́n ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Wọ́n á yọ́ fàdákà níbẹ̀ títí á fi di èéfín, kó lè bà lé òwú náà bí ẹbu tó kéré ju ohun tí ojú lè rí. Nígbà mìíràn, sínkì tí wọ́n ti sun di ẹbu funfun ni wọ́n ń lò. Aṣọ sínkì kì í yí àwọ̀ padà. Aṣọ fàdákà ní tirẹ̀ máa ń ṣókùnkùn bí ojú ọ̀run tí òjò ti ṣú sí.

Bí wọ́n ṣe ń dán an wò nìyí: wọ́n á mú kòkòrò àìfojúrí tó ń mú egbò kẹ̀, wọ́n á gbìn ín sínú àwo pẹlẹbẹ, wọ́n á gbé aṣọ díẹ̀ sáàárín. Lọ́jọ́ kejì, kòkòrò náà á ti hù bo gbogbo àwo, àfi yíká aṣọ náà. Níbẹ̀, nǹkan kan ò ní hù. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí àyíká mímọ́ yẹn lára aṣọ tí mo fọwọ́ ara mi ṣọ́, inú mi dùn dé bi pé mo wá àga jókòó. Ìgbà tí mo jókòó tán ni ọkàn mi sọ fún mi pé, bí èèyàn ṣe ń gbé ìdálẹ̀ náà nìyí. Ìlú kún yí i ká, ibi tó jókòó sí nìkan ni ohunkóhun kì í sún mọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù ni mo máa ń pe ilé. Alhaji kan ní àdúgbò wa ló ní tẹlifóònù, ní pálọ̀ rẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ìyá mi á gun àtẹ̀gùn náà, á jókòó ti tẹlifóònù bí ẹni tó ń ṣọ́ ìkòkò lórí iná. Alhaji kì í kúrò níbẹ̀, tìtorí kó má baà pàdánù ọ̀rọ̀ kankan.

"Ẹ ṣe kíá o, Ìyá Sìdí! Ọmọ yín ló ń sanwó!"

"Alhaji, ṣé ẹ̀yin lẹ bá mi bí i ni?" Lẹ́yìn náà ló máa tó kọjú sí mi. "Ọkọ mi, o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Màámi."

"Kí lo jẹ?"

"Ànàmọ́."

"Ànàmọ́ lóṣù tó kọjá, ànàmọ́ lóṣù yìí. Ṣé ewúrẹ́ ni wọ́n fi ọ́ ṣe níbẹ̀ ni?"

Mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín Alhaji lẹ́yìn rẹ̀, mo máa ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ lójú pópó, mo sì máa ń gbọ́ ọmọ ẹni ẹlẹ́ni tó ń ké. Bí mo bá gbé tẹlifóònù sílẹ̀, etí mi á ṣì máa hó fún ìgbà díẹ̀ kí ìdákẹ́rọ́rọ́ tó padà dé. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi ń bá a bẹ́ẹ̀.

Ó wá di oṣù kan, Sìdí ló gbé e. Ó ní, "Màámi ti lọ sọ́jà, Bùọ̀dá mi." Ní oṣù kejì ó ní ó rẹ̀ wọ́n díẹ̀. Ní oṣù kẹta ó ní wọ́n ń kírun.

Mo ní, "Ìrun wo ni wọ́n ń kí ní irú àsìkò yìí?"

Sìdí dákẹ́. Alhaji náà kò sọ nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Kò pariwo owó, kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí, ìdákẹ́jẹ́ Alhaji yẹn ló kọ́kọ́ já mi láyà. Àwa mọ bí a ṣe ń ṣe é nílé wa. A kì í sọ ọ̀rọ̀ ibi fún ará ìdálẹ̀, kó má baà ṣubú síbi tí kò ti ní ẹni tí yóò gbé e dìde. Mo ti bá wọn fi irú rẹ̀ pamọ́ fún ẹlòmíràn rí kí èmi náà tó di ará ìdálẹ̀.

Mo ní kí Sìdí fún Alhaji ní tẹlifóònù.

"Ọmọ mi," ni Alhaji wí, "ìyá rẹ ò lè gun àtẹ̀gùn mi mọ́."

Ìṣó ni ìyá mi tẹ̀ létí omi ní Èbúté Èrò, níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù. Ó fi ewé dì í, ó ń bá ọjà rẹ̀ lọ. Kò mọ̀ pé òun ní ìtọ̀ ṣúgà. Egbò náà kọ̀, kò jinná, ó kọjú sínú, ó ń jẹ ẹsẹ̀ lọ. Dókítà ti ní kí wọ́n gé e. Ìyá mi ní kò sẹ́ni tó máa fi ọ̀bẹ kan òun, pé ẹsẹ̀ méjì ni òun gbé wá sáyé, òun náà ni òun máa gbé padà.

Ní Mọ́ńdè, mo bá Màmá, ọ̀gá mi, sọ̀rọ̀. Nígbà náà, wọ́n ti ń lo aṣọ wa lára àwọn aláìsàn nílé ìwòsàn ìlú náà, ó sì ń ṣe dáadáa. Ó lọ sí ibi ìkẹ́rùsí, ó gbé aṣọ fàdákà wá nínú ọ̀rá. Ó ní, "Gbọ́ o. Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Bí egbò yẹn bá ti dé egungun, aṣọ kankan ò lè dá a padà. Kí wọ́n fi omi lásán rẹ ẹ́, kí wọ́n tó gbé e lé egbò. Wọn ò gbọ́dọ̀ lo omi oníyọ̀ tí nọ́ọ̀sì fi ń fọ egbò. Fàdákà tó ń yọ́ lára aṣọ ló ń pa kòkòrò. Iyọ̀ ló sì ń dì í mú tí kì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́."

Mo fi aṣọ náà rán ẹni tó ń lọ sílé. Mo pe Sìdí.

"Ẹ ò gbọ́dọ̀ fi iyọ̀ sí omi tí ẹ máa fi rẹ ẹ́ o."

"A ò ní fi sí i."

"Àní ti nọ́ọ̀sì pàápàá."

"Mo ti gbọ́, Bùọ̀dá mi. Ẹ̀yin náà ẹ máa ń tún ọ̀rọ̀ kan wí bíi lèmọ́mù. Omi lásán."

Nígbà tí mo tún pè, ó ní ó jọ pé òórùn rẹ̀ ti dín kù. Mo ra ẹran lọ́jọ́ náà, mo sè é, mo fún bàbá arúgbó ìsàlẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún pè lẹ́yìn ìyẹn, ohùn Sìdí ti yí padà. Ó ní aṣọ náà kì í pẹ́ lára egbò kó tó máa ṣí àwọ̀, á funfun bàlàbàlà bí ẹni tí ẹ̀tẹ̀ mú. Ó ní òórùn ti padà dé. Ó ní ọmọ ìka méjì ti dúdú.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Màmá lọ. Ojú rẹ̀ kọrẹ́. Ó ní aṣọ náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tibí. Ó bi mí níbi tí wọ́n ti ń rí omi tí wọ́n ń lò.

"Láti inú kànga ilé wa," ni mo wí.

"Báwo ni kànga náà ṣe jìnnà sí òkun tó?"

Mo ní, "Ọ̀sà wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà wa." Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń jáde lẹ́nu mi ló ń dé etí èmi fúnra mi.

Ẹ̀yin ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Omi ẹ̀rọ tàbí omi onígarawa la fi ń sebẹ̀, òun la sì ń mu. Ti ìwẹ̀, ti aṣọ fífọ̀, ti egbò, kànga ni. Ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀, ó sì máa ń ta ojú. Ó ní iyọ̀ nínú láti ilẹ̀ wá, nítorí ọ̀sà ló ń yọ́ wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan nínú wa ò pè é ní omi iyọ̀ rí. Omi ilé là ń pè é. Mo bi ara mi bóyá mo lè rántí adùn rẹ̀ lẹ́nu. Mi ò lè rántí adùn kankan, nítorí òun ni omi fún wa, gbogbo omi yòókù ló ṣe àjèjì.

Mo pe Sìdí láìdúró de Sátidé. Ó gbọ́ mi tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Ẹ ní ká má fi iyọ̀ sí i, Bùọ̀dá mi! Ọlọ́run ló gbọ́, hóró iyọ̀ kan ò kàn án. Mo fẹ́ lo omi ẹ̀rọ, Màámi ló ní rárá. Wọ́n ní kànga yẹn ló wo ìdodo àwa méjèèjì sàn, pé inú rẹ̀ ni kí n ti fa omi."

Irọ́ kankan ò sí níbẹ̀. Ó pa òfin mọ́, ìyá wa náà sì ṣe ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ. Nínú ilé wa, bí wọ́n bá bí ọmọ, omi kànga náà ni wọ́n fi ń wẹ̀ ẹ́ títí ìdodo á fi já. Ẹni tó bá gbọgbẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n máa gbé e lọ. Omi tó gba gbogbo wa sílé ni. Mo wá ti òkè òkun gbé ohun kan ránṣẹ́ tí omi ilé wa ò gbà.

Mo lọ sílé.

Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Marina, òórùn ọ̀sà dé imú mi, mo sì mọ̀ ọ́n fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi pé iyọ̀ ni. Lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, ọmọbìnrin kan tí mi ò mọ̀ kúnlẹ̀ kí mi. "Ẹ káàbọ̀, sà. Ta lẹ ń wá?"

Ìyá mi ti wà ní ilé ìwòsàn. Ó ti rù. Ẹsẹ̀ òsì náà wà lábẹ́ aṣọ bí ẹni kejì tí wọ́n jọ sùn, òórùn rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ kí mi kí òun fúnra rẹ̀ tó kí mi. Mo sọ ọ̀rọ̀ kànga fún un.

Ó ní, "Ṣé omi tó wò ọ́ sàn ni ó ń pa mí? Lọ sọ ìyẹn fún ẹlòmíràn."

Dókítà fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọmọdé ni, ojú rẹ̀ pupa nítorí àìsùn. Mo bi í bóyá aṣọ náà ìbá ti gbà á là ká ní omi rẹ̀ dára. Ó ní òun ò mọ̀, pé egbò náà lè ti dé egungun kí aṣọ tó dé. Títí dòní, èmi náà ò mọ̀. "Ohun tí mo mọ̀ ni pé tí a ò bá gé e lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀jẹ̀ á gbé májèlé rẹ̀ lọ sí ọkàn, a ó sì pàdánù wọn."

Mo padà sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo bẹ̀ ẹ́. Sìdí bẹ̀ ẹ́. Alhaji, tó bá wa wá, náà bẹ̀ ẹ́. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Ẹ fẹ́ gé mi," ló wí nígbà tó yá, "kí ẹ wá da mí sí ààtàn pẹ̀lú òwú àti abẹ́rẹ́. Ajá á wá gbé mi sáré lójú pópó."

Ìgbà náà ló yé mi. Kì í ṣe ọ̀bẹ ló ń bẹ̀rù. Mo sáré bá dókítà. Ó ní bí ẹbí bá fẹ́ gbé ẹsẹ̀ náà lọ sin, kò sẹ́ni tó máa dá wọn dúró. Mo padà sọ fún un.

Ó pajú dé. Ó ní, "Àlà ni kí ẹ fi wé e. Ẹ sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá yín. Ìwọ ni kí o gbé e, má fún ẹnikẹ́ni gbé."

Wọ́n gé e lábẹ́ orúnkún. Mo gbé e lọ sí itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí, ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Ihò náà kéré bíi ti ìkókó. Àlùfáà ní kò sí ìrun tí a máa kí sí i, nítorí pé ẹni tó ni ín ṣì wà láyé. Alhaji ló ń rọra fi ọwọ́ da iyẹ̀pẹ̀ sí i. Ó ní, "Ẹ ṣe é jẹ́jẹ́ o. Ẹ mọ̀ pé ó máa béèrè bí a ṣe ṣe é." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, òun náà kò sì retí pé ká rẹ́rìn-ín.

Ìyá mi yè. Ó padà sílé, wọ́n gbé àga fún un sí ẹnu ọ̀nà, àwọn èrò Èbúté Èrò ń wá kí i. Mo lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà mìíràn ó máa ń na ọwọ́ sísàlẹ̀ láti yún ibi tí kò sí mọ́, ọwọ́ rẹ̀ á kan afẹ́fẹ́, á sì gbé e padà sórí itan rẹ̀ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú èyí tí mo máa padà, èmi àti òun àti Sìdí jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Sìdí ń ṣa ẹ̀wà. Ìyá mi bi mí bóyá iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ gbẹ, mo ní ó gbẹ.

"Ó dáa. Mo ti rán apá kan ara mi ṣáájú. Kò sẹ́ni tó máa ṣi ọ̀nà nígbà tó bá kan èmi." Ó yí ojú sí mi. "Ìwọ ńkọ́, ọkọ mi? Níbo ni wọ́n máa sin ìwọ sí?"

Mo dìde. Mo ní ẹ jẹ́ kí n lọ wo bóyá Sìdí ti dé. Sìdí gbójú sókè nídìí ẹ̀wà tó ń ṣà, ó ń wò mí.